Sudbury: bí èéfín imí ọjọ́ ṣe jẹ igbó run, àti bí wọ́n ṣe fi ẹfun jí ilẹ̀ rẹ̀

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, a sábà máa ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn: òjò ásíìdì ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó kàn yín lára, yóò bó yín láwọ̀. Irọ́ ni. Òjò ásíìdì kì í bó èèyàn láwọ̀. Ewé, gbòǹgbò, ilẹ̀ àti ẹja inú omi ló ń bá jà, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é, fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ á rò pé bí ilẹ̀ náà ṣe wà látayébáyé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe gan-an, kó wo Sudbury, ìlú àwọn awakùsà ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà. Wọ́n ba ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kọjá àlà, wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ débi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á ni bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀ léra: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ọdún tó ti sọnù kí wọ́n tó mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Èéfín tó ń rá mọ́lẹ̀

Igbó kìjikìji ni agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Anishinaabe ló ni ilẹ̀ náà, igi páìnì ló sì kún inú igbó wọn. Ní 1883, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà rélùwéè Canadian Pacific gba ibẹ̀ já lu òkúta tí bàbà wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé níkẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pò mọ́ irin kó lè le koko. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi ń wá a lójú méjèèjì, bí Sudbury sì ṣe gbòòrò di ìlú nìyẹn.

Àmọ́ imí ọjọ́ ló so bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú òkúta yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ irin inú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ sun imí ọjọ́ náà kúrò. Láti 1888, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Wọn á gé igi nínú igbó, wọn á tò ó sílẹ̀ gbọọrọ, wọn á wa òkúta lé e lórí gegere, wọn á sì ṣáná sí i. Bí igi bá jó tán, imí ọjọ́ inú òkúta á gba iná náà, á sì máa jó lọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ṣíḿnì kankan tó gbé èéfín náà sókè. Ó ń rá mọ́lẹ̀ ni, ó ń wọ oko, ó ń wọ igbó, ó ń wọ yàrá àwọn èèyàn. Irú ibi ìsunkúta bẹ́ẹ̀ tó 11 ní agbègbè náà. Èyí tó tóbi jù ni O'Donnell, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916. Ó gùn ju kìlómítà 2 lọ. Ó di 1929 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èéfín yẹn ń ṣe sí ewé kan ṣoṣo. Ewé ní àwọn ihò wínníwínní tó fi ń mí, ibẹ̀ ni gáàsì imí ọjọ́ sì ń gbà wọlé. Bó bá ti kan omi inú ewé, ó di ásíìdì. Àárín iṣan ewé á kọ́kọ́ ṣú bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ á funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn iṣan fúnra wọn á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àgbẹ̀ tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣì í mú mọ́: àìsàn ewé kì í tẹ̀ lé ìlà iṣan báyẹn, ọ̀dá náà kì í ṣe é. Ewé páìnì tó rí ṣóńṣó ní tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti orí wá sídìí, á sì jábọ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Páìnì funfun kò lè fara da á rárá, òun ló sì kọ́kọ́ pòórá yí Sudbury ká.

Gáàsì tí kò bá rí ewé wọ̀ á gòkè lọ pàdé omi inú àwọsánmà. Ibẹ̀ ló ti ń di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ gan-an, àmọ́ tí omi ti là dáadáa. Òjò tí kò ní ìdọ̀tí nínú máa ń wà ní nǹkan bí 5.6 lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì inú nǹkan ṣe pọ̀ tó. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi 1 péré wálẹ̀, ásíìdì inú omi náà ti di ìlọ́po 10. Ìdí nìyẹn tí òjò tó wà ní 4.6 fi burú tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá bu ún mu kò ní mọ̀.

Ilẹ̀ ló ń jìyà jù. Òjò ásíìdì máa ń fọ kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù kúrò nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni oúnjẹ igi. Aluminíọ̀mù tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára á wá yọ́ sínú omi ilẹ̀, á sì máa pa ṣóńṣó gbòǹgbò tí igi fi ń mu omi. Sudbury tún ní ti ẹ̀: eruku bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ń bá èéfín jáde, wọ́n ń kó jọ sí òkè ilẹ̀, ásíìdì sì ń mú kí gbòǹgbò lè fà wọ́n mu. Igi tí wọn kò gé, èéfín pa á. Èyí tí èéfín kò pa, ilẹ̀ kò lè bọ́ ọ mọ́. Nígbà tí kò sí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú, òjò gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ sí àfonífojì, àpáta sì yọ síta. Àpáta yẹn kì í ṣe dúdú tẹ́lẹ̀. Èéfín ló kùn ún. Bí èso igi kan bá sì hù láàárín pàlàpálá àpáta, yìnyín á dì sínú ilẹ̀ ìhòòhò náà lóru, ilẹ̀ á wú, á sì ti ọ̀gbìn kékeré náà jáde tòun ti gbòǹgbò.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, nǹkan bí 20,000 hẹ́kítà ti di ìhòòhò pátápátá, nǹkan bí 80,000 mìíràn sì wà tó jẹ́ pé kìkì bírìṣì ràrá àti koríko ṣákálá ló ń hù níbẹ̀. Àwọn èèyàn kan máa ń sọ pé nítorí pé ibẹ̀ jọ ojú òṣùpá ni NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò ojú ọ̀run nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe kó àwọn tó lọ sínú òṣùpá wá síbẹ̀ ní 1971 àti 1972. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ńlá kan tó já láti ojú ọ̀run ló ṣe kòtò Sudbury ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, irú òkúta tó bá fọ́ báyẹn ni wọ́n sì fẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò náà mọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn sì gbà á gbọ́, ó tó láti fi mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo

Àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn tó ń sọ Faransé àti àwọn tó wá láti Finland ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń gbin ọ́ọ̀tì, pòtétò, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti koríko tí ẹran máa jẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí sápá ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan péré nígbà tí irúgbìn ń tanná, ọdún yẹn ti bàjẹ́.

Wọ́n pe àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ní 1917, Adájọ́ Middleton dá ẹjọ́ wọn. Kò sẹ́ pé èéfín ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà san owó gbà-má-bínú. Àmọ́ ó kọ̀ láti pàṣẹ pé kí wọ́n dá èéfín náà dúró, ìdí tó sì fún wọn ni pé iṣẹ́ ìwakùsà kò ṣeé ṣe láìsí èéfín, àti pé bí iṣẹ́ náà bá dúró, ìlú kò ní sí mọ́. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ontario gba ẹjọ́ èéfín kúrò ní kóòtù, wọ́n fi lé onílàjà kan lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó díwọ̀n irè oko tó bàjẹ́, kó sọ iye tí wọ́n máa san. Ní àwọn ibi kan, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ náà kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí èéfín.

Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Wọ́n ń sanwó pòtétò ọdún yìí, wọ́n ń sanwó ọ́ọ̀tì ọdún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sanwó ilẹ̀ tó ń kú lábẹ́ wọn. Owó gbà-má-bínú kéré jìnnà sí iye tí wọn ì bá ná láti mú imí ọjọ́ náà. Ta ló máa wá mú un?

Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ Trail. Trail wà ní ìpínlẹ̀ British Columbia, lórílẹ̀-èdè Kánádà kan náà, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé àti síǹkì wà níbẹ̀, èéfín imí ọjọ́ kan náà ló sì ń tú jáde. Àmọ́ Trail sún mọ́ ààlà, oko àti igbó àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Washington sì ni èéfín ibẹ̀ ń bà jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba sí ìjọba. Ní 1941, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àgbáyé tó gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí èéfín tirẹ̀ ba ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́, wọ́n sì là á sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èéfín rẹ̀. Imí ọjọ́ tí wọ́n mú níbẹ̀ ni wọ́n sọ di ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ó ṣeé ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún! Ohun tí àgbẹ̀ Sudbury kò ní ni ààlà orílẹ̀-èdè kan tó máa dúró sáàárín òun àti ilé-iṣẹ́.

Ṣíḿnì tó ga jù

Ní nǹkan bí 1960, gáàsì imí ọjọ́ tó ń jáde ní Sudbury lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí 2.5 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ariwo pọ̀, Inco, ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀, kọ́ ṣíḿnì kan tó ga ní mítà 381. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ti ilé ìyọ́rin tó wà ní Coniston pa. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ìlú mọ́ sí i. Àwọn ará Sudbury rí ojú ọ̀run, ọ̀pọ̀ ewéko sì rí àyè mí.

Àmọ́ èéfín kò tán, ó kàn lọ sí ibi tó jìnnà sí i ni. Òwe wa ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Níbí yìí, àwọn tí kò da nǹkan kan ni eérú tọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé adágún tó tó 7,000 ni ásíìdì Sudbury bà jẹ́. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní aurora trout, adágún méjì péré ló ti wà ní gbogbo ayé, Whirligig àti Whitepine, níbi tó lé ní 100 kìlómítà sí àríwá ìlú náà. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, kò sí ẹyọ kan nínú adágún méjèèjì mọ́. Ohun tó yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ìparun ni pé ní òpin àwọn ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìsìnja ìjọba ti kó ẹyọ 9 nínú wọn, wọ́n sì ń sin wọ́n. Nínú 9 yẹn ni gbogbo èyí tó wà láàyè lónìí ti wá. Ní 1989, wọ́n da ẹfun sínú Whirligig láti pa ásíìdì inú rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹja náà padà sílé.

Ọdún 1985 ni ìjọba Ontario wá ṣe ohun tí kóòtù kọ̀ láti ṣe ní 1917. Wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Countdown Acid Rain, wọ́n sì dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tí èéfín wọn pọ̀ jù. Wọ́n ní Inco kò gbọdọ̀ tú ju 265,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún tó bá fi di 1994. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é kù sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì rí i ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń lọ òkúta náà kúnná kí wọ́n tó gbé e dé ibi iná, wọ́n sì ń ya apá tó jẹ́ kìkì irin lásán àti imí ọjọ́ sọ́tọ̀, kó má tilẹ̀ wọ inú iná. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí iná ìyọ́rin padà sí èyí tó ń lo ọ́síjìn dípò afẹ́fẹ́ lásán, gáàsì tó ń jáde sì wá nípọn tó láti mú. Wọ́n wá ń darí gáàsì náà sínú ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di ásíìdì, wọ́n ń rọ ásíìdì náà sínú ọkọ̀ rélùwéè, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ àti nǹkan mìíràn.

Àtúnṣe mìíràn tún tẹ̀ lé e. Vale, ilé-iṣẹ́ Bràsíìlì tó ra Inco ní 2006, ná nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là Kánádà sórí iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 2018, nígbà tó sì di 2020 wọn kò nílò ṣíḿnì gíga yẹn mọ́. Ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ọdún 1960, èéfín imí ọjọ́ Sudbury ti dín ju ìdá 95 nínú 100 lọ. Sudbury nìkan kọ́ ló ń tú u tẹ́lẹ̀, nítorí èédú tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná náà ń fi tirẹ̀ kún un. Kánádà àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí afẹ́fẹ́ ní 1991, Ontario sì ti ilé iná mànàmáná eléèédú rẹ̀ tó kẹ́yìn pa ní 2014.

Ẹfun, àpò lẹ́yìn àpò

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Laurentian, tó wà nínú ìlú náà, ti ń dán ilẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Keith Winterhalder, onímọ̀ ewéko, wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ohun tí wọ́n rí ni pé wọn kò nílò láti gbé iyẹ̀pẹ̀ tuntun wá, wọn kò sì nílò láti kó bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì kúrò. Bí ásíìdì inú ilẹ̀ bá dín kù, àwọn irin náà á dì mọ́ iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní rí wọn fà mu bíi ti tẹ́lẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ ló lè ṣe é. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dólómáìtì ni wọ́n yàn, nítorí òun ní kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù pa pọ̀, ohun méjì tí òjò ti fọ̀ lọ.

Ní 1978, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ìlú ti mọ́ sí i, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ju 2,000 òṣìṣẹ́ ìwakùsà lọ, àwọn ọmọ iléèwé kò sì rí iṣẹ́ ìsinmi ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ gbà wọ́n sí iṣẹ́ ẹfun. Orí òkè àpáta kò ṣeé gbé katakata gùn, nítorí náà èjìká ni wọ́n fi ń gbé àpò, àpò kan tó nǹkan bí 20 kìlógíráàmù. Wọ́n á tò wọ́n káàkiri òkè náà, wọn á padà wá já wọn lẹ́nu, wọn á fi ọwọ́ fọ́n ọn títí òkè dúdú á fi funfun. Tọ́ọ̀nù 10 ni fún hẹ́kítà kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́n ajílẹ̀, 400 kìlógíráàmù fún hẹ́kítà kan, kí wọ́n tó wá fúnrúgbìn koríko pẹ̀lú àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà tó lè fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀.

Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Èso bírìṣì, áspẹ̀n àti wílò ti ń bá afẹ́fẹ́ wá láti ọdún pípẹ́, wọ́n kàn ń kú ni. Ẹfun ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n wá ń gbin páìnì mọ́ wọn lọ́wọ́, páìnì pupa, páìnì funfun àti jack pine, àti ọ̀pọ̀ irú igi mìíràn. Ní 1992, níbi àpérò àgbáyé ní Rio de Janeiro, wọ́n fún ìlú náà ní àmì-ẹ̀yẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún iṣẹ́ yìí. Ní 2022, iye igi tí wọ́n ti gbìn pé mílíọ̀nù 10.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tí ásíìdì bà jẹ́ máa fẹ́ ti ibi ẹfun bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣeé rà, ó sì ṣeé fojú rí. Clearwater Lake fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Kìlómítà díẹ̀ ni adágún náà sí ilé ìyọ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, omi rẹ̀ wà ní nǹkan bí 4.3 lórí òṣùwọ̀n pH, kò sì sí ẹja nínú rẹ̀. Wọn ò da ẹfun kankan sí i, èéfín nìkan ni wọ́n dín kù. Omi náà ti kọjá 6 báyìí, ó sì ti ṣeé gbé fún ẹja. Ká ní wọ́n ń fọ́n ẹfun sórí àwọn òkè yẹn nígbà tí 2.5 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ṣì ń jáde lọ́dún, òjò ì bá máa fọ̀ ọ́ lọ bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọn.

Ohun tí kò tíì padà

Ìwọ̀nba 3,000 hẹ́kítà àti díẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹfun sí nínú gbogbo ilẹ̀ tó bàjẹ́. Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣì wà nínú ilẹ̀ náà, tí ásíìdì bá sì padà, wọn á tún tú jáde. Páìnì tó dúró lórí òkè ga lóòótọ́, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi: kò sí àwọn ewéko kéékèèké, kò sí olú, ilẹ̀dú inú igbó kò tíì kó jọ. Láti bí 2010 ni wọ́n ti ń gé ilẹ̀ igbó níbi tí wọ́n ti fẹ́ la títì, ní pẹlẹbẹ tòun ti gbòǹgbò, irúgbìn àti kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n ń gbé e wá tẹ́ sábẹ́ àwọn páìnì náà kó lè ràn káàkiri.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí. Òjò ti mọ́, àmọ́ kálísíọ̀mù tó fọ̀ lọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kò padà, nítorí ọ̀dọ̀ àpáta ló ti ń wá, àpáta apá ibẹ̀ kò sì ní in púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára jẹrà. Ní ọ̀pọ̀ adágún Ontario, kálísíọ̀mù ti kéré débi pé Daphnia, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ẹja ń jẹ, kò rí tó láti fi ṣe èèpo ara wọn. Igi mépù tó ń mú omi ṣúgà wá náà ń ṣàárẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní Muskoka, ní gúúsù Sudbury, àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi eérú tọ́jú èyí. Igi ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yáná nígbà òtútù. Dípò kí wọ́n da eérú rẹ̀ nù, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí àwọn olùwádìí ti ń gbà á, àwọn yẹn ń bù ú sídìí mépù nínú igbó. Kálísíọ̀mù pọ̀ nínú eérú igi, ó sì ń pa ásíìdì ilẹ̀ bíi ti ẹfun. Ohun tí àgbẹ̀ tó bá ti sun ìgbẹ́ rí nílé wa mọ̀ lọ́wọ́ ni. Eérú igi tí wọn kò kùn, tí wọn kò sì fi oògùn sí, nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí irin olóró kí wọ́n tó bù ú sílẹ̀.